Ìmọ́lẹ̀ Tí A Gbé Síta fún Ará Ọ̀nà

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì jinlẹ̀ ju bí àwa ọmọ ayé òní ti ń fi ẹnu lásán sọ ọ́ lọ, nítorí ẹni tí ó bá ti rìn ní Ìjẹ̀bú-Òde ní òru oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ti dé, tí iná ìjọba kò sì sí, yóò ti rí i pé olóyè àti mẹ̀kúnnù, onílé àti àlejò, bákan náà ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà, tí wọ́n ń béèrè pé, “Ta nìyẹn?” kí wọ́n tó lè kí ara wọn bí ó ti yẹ. Ẹni tí a kò rí ojú rẹ̀, a kò lè dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹni tí a kò sì mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni tàbí ọlọ́ṣà, a kì í fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti gbà pé ẹni tí ó bá gbé iná sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti kí gbogbo ẹni tí yóò kọjá níbẹ̀ kí wọ́n tó dé rárá. Nínú gbogbo ẹwà ọdún Kérésìmesì, èyí ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ: pé nínú oṣù náà, àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ wá rí a máa tan iná tí kì í ṣe ti inú ilé wọn, tí ó jẹ́ ti àwa tí a ń lọ lójú pópó.

Nígbà tí àwa wà ní kékeré, kì í ṣe iná mànàmáná ni a fi ń mọ̀ pé ọdún ti dé, màrìwò ni. Àwọn ọkùnrin inú ìjọ á lọ sí oko, wọ́n á gé imọ̀ ọ̀pẹ wá, wọ́n á sì so ó mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run àti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn onígbàgbọ́. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè bí ohun tí àwọn baba ńlá wa fi ń ṣe àmì ibi mímọ́ láti ayébáyé ṣe wá di ọ̀ṣọ́ ìbí Jésù, nítorí ó yé gbogbo wa láìsí aláyé pé ibi tí a bá so màrìwò sí kì í ṣe ibi yẹpẹrẹ. Ní ti ìmọ́lẹ̀, àtùpà ni a ní, àwa ọmọdé ni a sì ń fi eérú àti àkísà nu èéfín kúrò lára gíláàsì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìbẹ̀rù, nítorí ẹni tí ó bá fọ́ gíláàsì àtùpà nígbà tí ọdún ku ọ̀la ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọdún jẹ́ fún gbogbo agbo ilé. Ní àṣálẹ́ tí a bá fẹ́ kọ orin Kérésìmesì ní ṣọ́ọ̀ṣì Olùgbàlà Wa ní Ìtalúpè, olúkúlùkù yóò mú àbẹ́là lọ́wọ́, wọn yóò pa gbogbo àtùpà, àlùfáà yóò tan àbẹ́là tirẹ̀, yóò fi tan ti ẹni tí ó sún mọ́ ọn, ẹni yẹn yóò tan ti ẹnì kejì, títí ìmọ́lẹ̀ náà yóò fi rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ dé ìdí ilẹ̀kùn, tí ìda gbígbóná yóò máa kán sí wa lọ́mọ ìka, tí a kò sì ní bìkítà. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí aládùúgbò wa a máa dúró lójú fèrèsé láti wò wá, ẹnikẹ́ni kì í lé wọn, bí àwa náà ti ń lọ dúró ní tiwọn nígbà Iléyá.

Bí mo bá ronú sí i, ohun ìyanu ni kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará òde fi ń dẹ́rù ba ara wọn nípa wa láyé àtijọ́, pé Ìjẹ̀bú-Òde ni ìlú tí àjèjì kì í wọ̀, àti pé bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọn á fi í ṣẹbọ lálẹ́. Àsọdùn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n igi kò lè dá èéfín rú: Ìjẹ̀bú ọmọ Aláre, ọmọ Ọbańta, ni ó di ọ̀nà òwò mú láti ẹsẹ̀ ọ̀sà dé ìlú òkè, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn kọjá láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníwàásù pẹ̀lú, títí di ọdún 1892 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣí ọ̀nà náà ní Ìmágbọ̀n. Èmi kò ní yin ogun yẹn láéláé, nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ìlú tí a fi agbára ṣí, tí ì bá di kùnrùngbùn sínú, tí ì bá sì máa wo àlejò pẹ̀lú ìfura títí ayé, wá di ìlú tí ọmọdé ń nu àtùpà kí ó lè mọ́ fún ẹni tí ń kọjá lọ ní alẹ́ ọdún, iṣẹ́ inú àwọn ènìyàn wa fúnra wọn nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ìbọn.

Àbúrò ìyá mi obìnrin, ìyá àgbà tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ta aṣọ ní ọjà Òkè-Ajé, ni ó sọ fún mi ní ọdún kan pé etí òun ti kún fún ìròyìn iná Kérésìmesì tí wọ́n ń tàn ní Èkó, ojú ni ó kù kí ó rí i. Mo kó òun àti àwọn ọmọ mi, pẹ̀lú ọmọ méjì láti ilé Alájì aládùúgbò wa tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí a fi fún wọn láyè, sínú ọkọ̀. Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó kò ju nǹkan bíi 100 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba Òdògbolú dé Ṣágámù, tí ó sì já sí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó nígbà ọdún, kò gbọdọ̀ fi kìlómítà ṣírò ìrìn-àjò rẹ̀. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tí ó wà níwájú Berger ni kí ó fi ṣírò rẹ̀. Oòrùn ti wọ̀ nígbà tí a gun Afárá Kẹta, èyí tí ìjọba parí ní ọdún 1990, tí ó gùn tó kìlómítà 11.8 lórí omi ọ̀sà. Àwọn ọmọ ń na ọrùn síwájú láti wo àwọn ilé gogoro tí iná wọn ń hàn láti òkèèrè. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ kọ ojú sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ń wo Màkókò, níbi tí àwọn àtùpà kéékèèké ti ń tàn nínú ilé orí omi àti nínú ọkọ̀ àwọn apẹja. Ó wò ó pẹ́ kí ó tó wí pé, “Àwọn wọ̀nyí náà tan tiwọn.”

Mo mọ̀ pé òpópónà Ajose Adeogun ní Victoria Island ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ bí a bá béèrè ibi tí iná Kérésìmesì ti dára jù lọ ní Èkó, ẹjọ́ wọn sì tọ́. Ilé ìfowópamọ́ Zenith, tí Jim Ovia dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, ní olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí òpópónà náà, àwọn ni ó sì ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́dọọdún. Kí oṣù Kọkànlá tó parí ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gun àkàbà, tí wọ́n ń fi okùn iná wé ara igi láti gbòǹgbò dé ẹ̀ka, wọ́n sì ń gbé àwọn ọ̀ṣọ́ ńláńlá kalẹ̀ ní oríta róńdábáòtù, tí ọdún kan kì í jọ èkejì. Nígbà tí a gba Falomo kọjá tí a sì yà sí ibẹ̀, ọkọ̀ kò lè yára mọ́, kò sì sí awakọ̀ kan tí ó ń fọn fèrè fún ẹnì kejì, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ kí ó falẹ̀. Ọyẹ́ tí ó wà lójú ọ̀run kò jẹ́ kí iná náà mú gan-an. Eruku rẹ̀ fi òbìrí rírọ̀ yí gílóòbù kọ̀ọ̀kan ká, ó sì dùn mọ́ ojú ju iná tí ó tàn nínú afẹ́fẹ́ tí ó mọ́ lọ, èyí tí àwọn ará ìlú òtútù kò ní mọ̀ láé, nítorí kò sí ọyẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ wo irú ènìyàn tí ó wà níbẹ̀. Ìdílé tí wọ́n da aṣọ ànkárá kan náà pọ̀ wà níbẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ ọwọ́, tí ó hàn gbangba pé wọ́n wọ bọ́ọ̀sì láti ọ̀nà jíjìn ni. Àwọn ọmọge tí ó múra bí ìyàwó wà níbẹ̀, àti àwọn gende tí ó dúró ti ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwọn kí a lè yà wọ́n ní fọ́tò. Àwọn ayàwòrán ń kiri, wọ́n ń polówó. Àwọn tí ń ta gúgúrú, ẹ̀pà, sùúyà àti fìlà pupa Bàbá Kérésìmesì ń rí ọjà tà ju bí wọ́n ti ń tà ní oṣù mẹ́ta lọ, bí ọ̀kan nínú wọn ti sọ fún mi. Obìnrin kan tí ó da ìborùn bo orí ń fi ìka han ọmọ rẹ̀ ní ìràwọ̀ kan tí ó ga ju orí igi lọ. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé ìfowópamọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹnu ọ̀nà tí a ti ń gba owó. Mo ti rí ọ̀pọ̀ àpéjọ ní Èkó, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ọmọ olówó àti ọmọ alágbàṣe lábẹ́ igi kan náà, kí ohun tí wọ́n sì wá gbà jẹ́ dọ́gbadọ́gba.

Ìyá àgbà, ẹni tí òwò ti wọ̀ lára, dákẹ́ títí, ó wá béèrè ìbéèrè tí mo mọ̀ pé yóò béèrè.

“Ọmọ mi, ta ni ó ń san owó epo gbogbo èyí?”

“Ilé ìfowópamọ́ ni, Màmá.”

“Àwa tí a kò ní kọ́bọ̀ lọ́dọ̀ wọn ńkọ́?”

“Tiwa náà ni, Màmá.”

Ó mi orí, ó tún wo igi tí ó sún mọ́ wa láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ní, “Ẹni tí ó ṣe èyí kí wa.”

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Láti ibẹ̀ a lọ sí Eko Hotel ní òpópónà Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, níbi tí iná àti igi Kérésìmesì ti tún pọ̀. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n inú ọgbà ni, ẹnu géètì ni a sì ń gbà wọ̀ ọ́. A gba afárá tí ó so Lekki pọ̀ mọ́ Ìkòyí, tí a ṣí ní ọdún 2013, tí okùn rẹ̀ ń tàn yanran lórí omi. Ti ojoojúmọ́ ni ìyẹn, kì í ṣe ti Kérésìmesì, mo sì rí i pé àwọn ọmọ kò kọbi ara sí i tó bẹ́ẹ̀, nítorí ojú tí ó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù.

Bí a bá tọ ìdí ọ̀ràn yìí lọ, inú ilé ni iná Kérésìmesì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìta. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1882, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Edward Johnson, tí ó jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ Thomas Edison, to gílóòbù 80 tí ó pupa, tí ó funfun, tí ó sì ní àwọ̀ aró, sára igi kan nínú ilé rẹ̀ ní New York, ó sì mú kí igi náà máa yí bírí. Ọdún 14 lẹ́yìn ìyẹn péré, ní 1896, ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí iná Kérésìmesì tó jáde sí òpópónà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ti pọ̀ lónìí bí ẹni pé Àgó-Ìwòyè ni wọ́n wà, àwọn oníṣòwò Regent Street ni ó dá owó jọ tí wọ́n fi tan iná sí òpópónà wọn ní 1954, Oxford Street sì tẹ̀ lé e ní 1959. Ẹ rántí pé ìlú yìí kan náà ni ó fi odindi ọdún Ogun Àgbáyé Kejì pa gbogbo iná rẹ̀, tí wọ́n ta aṣọ dúdú bo fèrèsé kí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá má baà rí wọn. Kí irú ìlú bẹ́ẹ̀ tún wá gbé iná síta, kí ó ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wá wò ó, mo gbà pé ó ju ọ̀ṣọ́ ọjà lọ. Nínú Trafalgar Square bákan náà, láti 1947 ni àwọn ará Oslo ní Norway ti ń fi igi ńlá kan ránṣẹ́ lọ́dọọdún láti fi dúpẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún wọn nígbà ogun náà. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọdé, wọn kò sì tíì dẹ́kun ọpẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà, ènìyàn rere sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí yóò wí pé ìnákúnàá ni gbogbo èyí, pé kí a fi owó díṣẹ́ẹ̀lì náà ra ìrẹsì fún àwọn aláìní. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yẹn, pàápàá láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023 tí ìdílé púpọ̀ kò sì lè tan ẹ̀rọ amúnáwá mọ́. Síbẹ̀, mo ti rí ojú àwọn tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì wá sí Ajose Adeogun, wọn kì í ṣe olówó. Tálákà ní ojú bí ó ti ní ikùn, ẹni tí ó bá sì pinnu pé oúnjẹ nìkan ni ó yẹ tálákà ti bù ú kù láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni gílóòbù òde òní kò dà bí ti àtijọ́: LED tí a ń so mọ́ igi báyìí kì í jẹ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iná tí gílóòbù onírin gbígbóná ń jẹ lọ, oòrùn tí Olódùmarè fi fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ sì lè tàn án láti àṣálẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́.

Ìlú wa ni mo ń bọ̀ wá bá. Ẹni tí ó mọ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ilé kíkọ́. Ọmọ wa ìbáà wà ní Èkó, ìbáà wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, bí ó bá ti rí ṣe, ilé ni yóò kọ́kọ́ wá kọ́ sílé, ilé alájà méjì, alájà mẹ́ta, pẹ̀lú òpó rìbìtì níwájú. Lẹ́yìn náà yóò ti í pa, yóò fi mẹ́gádì kan sí ẹnu géètì pẹ̀lú gílóòbù kan ṣoṣo, ilé yóò sì wà nínú òkùnkùn láti oṣù Kìn-ín-ní. Mo máa ń kọjá níwájú irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ní alẹ́, àánú wọn a sì máa ṣe mí. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ohun kan a máa ṣẹlẹ̀ tí kò sí ní òpópónà kankan ní Èkó: fèrèsé kan yóò tàn níhìn-ín, méjì yóò tàn lọ́hùn-ún, ilé tí ó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́ yóò tún yajú, àwọn ará àdúgbò yóò sì máa sọ fún ara wọn pé, “Wọ́n ti dé, mo rí iná lókè.” Láti orí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ni a ti ń ka ẹni tí ó dé àti ẹni tí kò dé. Ọdún tí fèrèsé ilé kan kò bá tàn, a ó mọ̀ pé ara ẹnì kan kò yá, tàbí pé nǹkan kò rọgbọ lọ́hùn-ún, a ó sì gbé fóònù. Nínú gbogbo iná Kérésìmesì tí mo ti wò, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ohun kan ṣoṣo ni ó ń dùn mí nínú rẹ̀: inú ọgbà ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà ń dà sí. Odi ga, wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà lórí odi, ẹni tí ń kọjá lójú títì sì wà nínú òkùnkùn bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, àfi kí ó máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ amúnáwá. Èyí kò yẹ wá. Ìlú tí ó ń ṣe àjọ̀dún Ojúde Ọba kò yẹ kí ó máa fi iná pamọ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn Mùsùlùmí díẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ Ojúde Ọba, tí wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba ìlú wa, fún àyè tí ó fún wọn láti sin Ọlọ́run bí ọkàn wọn ti fẹ́. Balógun Kúkú, tí ó gba ẹ̀sìn náà ní 1902, wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di ńlá. Lónìí, Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe ni ó ń jó wọ ojúde ààfin ní ọjọ́ kẹta Iléyá, pẹ̀lú ẹṣin àti aṣọ òkè. Ní ayé Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó gun orí ìtẹ́ ní 1960 tí ó sì wàjà ní 13 oṣù Keje ọdún 2025, ni àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, tún gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń wo aṣọ wọn. Bí ẹgbẹ́ kan bá lè da aṣọ kan náà fún ọgọ́rọ̀ ènìyàn, tí wọ́n sì ń fi ẹwà dá ara wọn níjà, kí ni ó dé tí wọn kò lè pín òpópónà Fọlágbadé láàárín ara wọn, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tan apá tirẹ̀ fún oṣù Kejìlá? Kì í ṣe ilé ìfowópamọ́ nìkan ni ó lè ṣe é. Olóyè Ṣùbọ̀mí Balógun, ọmọ wa tí ó dá ilé ìfowópamọ́ FCMB sílẹ̀, tí ó papò dà ní 2023, kọ́ ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé sí ìlú yìí; a kò wá rí ẹni tí yóò kọ́ òpó iná?

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́ mi, a sì ti bá ara wa jiyàn dáadáa. Àwọn kan fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ààfin, nítorí ọlá. Àwọn kan fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìtalúpè, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá àgbà, ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó ka owó lé mi lọ́wọ́, ó sì fi àdéhùn tì í: Òkè-Ajé ni kí iná kìn-ín-ní wà, ní apá ibi tí àwọn obìnrin ti ń palẹ̀ ọjà mọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, nítorí àwọn ni ó ṣì máa ń wà níta nígbà tí àwọn yòókù ti wọlé. Akápò ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà kìn-ín-ní nínú ìwé, ó sì kọ àdéhùn náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ó ti wí i gan-an.